Ológbò Tí Ẹni Tó Ni Ín Kú: Bí Ẹ Ṣe Máa Bá A Wá Ilé Tuntun Tí Kò Ní Sá Kúrò Níbẹ̀

Bí ẹni tó ni ológbò bá kú n'Ìbàdàn, ohun tí àwọn tó kù nílé máa ń ṣe kò ju mẹ́ta lọ. Wọ́n lè fi sílẹ̀ kó máa wá oúnjẹ kiri lórí ààtàn. Wọ́n lè rọ ọ́ sínú àpò, kí wọ́n lọ dà á sí òdìkejì ìlú. Tàbí kí wọ́n gbé e fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá ní òun fẹ́ ẹ. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì, ológbò ti sọnù, tàbí ó ti padà wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà olóògbé, ó ti rù kan egungun.

Èmi náà ti ṣe ti ẹ̀kẹta yẹn rí. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin ìyá kan ládùúgbò wa ní Òkè Àdó ni mo gbé ológbò rẹ̀ lọ fún ọ̀rẹ́ mi kan ní Akóbò. Mo rò pé oore ni mo ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi ṣí ilẹ̀kùn kí ẹranko náà lè gba atẹ́gùn sára, a ò sì fojú kàn án mọ́ títí dòní. Lára ológbò mìíràn tí ìyá tó ni ín kú, tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ lẹ́yìn náà, ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Àjíkẹ́ ni ìyá tó ni ín ń pè é.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ilé ni ológbò mọ̀, kò mọ olówó rẹ̀. Ìdajì òótọ́ ni. Òórùn ló mọ̀, òórùn ilé àti ti ènìyàn pa pọ̀, ìyẹn ló sì fi ṣeé ṣe láti gbé e kúrò níbì kan lọ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n èyí tí kò tíì padà sídìí oúnjẹ kò tíì ṣeé gbé lọ síbi kankan. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà lọ́kàn yín bí ẹ ṣe ń ka ìyókù.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Yàrá kan tó ṣeé tì. Ẹ wo fèrèsé rẹ̀ dáadáa: bó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n to gíláàsì pẹlẹbẹ sí, ihò gíláàsì kan tó ti yọ tó ológbò jáde. Ẹ wo àjà náà. Bí ibì kan bá ti lu níbẹ̀, ibẹ̀ ni yóò gbà gòkè, ẹ ó sì máa gbóhùn rẹ̀ lókè fún ọjọ́ mẹ́ta láìrí i mú.
- Apẹ̀rẹ̀ rọ́bà méjì tó dọ́gba, irú èyí tí a ń kó aṣọ ìdọ̀tí sí. Ẹ ó dojú wọn kọ ara wọn, ẹ ó fi okùn dì í yípo. Páálí kò dáa tó o: bó bá tọ̀ sínú rẹ̀, ìdí páálí á já kí ẹ tó kọjá Ìwó Road.
- Aṣọ olóògbé kan tí wọn kò tíì fọ̀.
- Oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ bi àwọn ará ilé, ẹ má dá a rò.
- Ọpọ́n rọ́bà tí kò jìn, pẹ̀lú iyanrìn tàbí èérún pákó. Èérún pákó pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń la pákó ní Bódìjà. Ẹ gba èyí tó nípọn, kì í ṣe èyí tó kúná bí ẹ̀lúbọ́.
- Ìwé kékeré kan àti bírò.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn, torí ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń bá ẹbí olóògbé jà. Kí ènìyàn lọ bá ẹbí tó ń ṣọ̀fọ̀ pé òun fẹ́ aṣọ òkú, wọ́n lè gbà á sí nǹkan mìíràn pátápátá. Ẹ má lọ bá ọmọdé inú ilé tọrọ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Àgbà ilé tàbí àkọ́bí ni kí ẹ lọ bá. Ẹ kí wọn kú ará fẹ́ra kù, ẹ ṣàlàyé pé òórùn ìyá ni ẹranko náà ń wá, pé ẹ fẹ́ fi tàn án jẹun ni, kí ẹ sì gbé ológbò náà hàn wọ́n bó bá ṣeé ṣe. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ dúpẹ́. Àpò ìrọ̀rí tó, ẹní tó, àkísà tí ológbò náà fúnra rẹ̀ ń sùn lé tó. Nígbà ti Àjíkẹ́, àkọ́bí ìyá kò fi ìró sílẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n wọ́n bọ́ àpò ìrọ̀rí fún mi lójú ẹsẹ̀. Òun ni mo fi ṣe gbogbo iṣẹ́ náà.

Ohun kan ni pé ẹ má gba aṣọ tó ti ìsàlẹ̀ àpótí wá. Káńfọ̀ tí wọ́n jù sáàárín rẹ̀ ti pa òórùn ẹni tó ni ín rẹ́, májèlé sì ni káńfọ̀ jẹ́ fún ológbò.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ̀ bóyá ọ̀fọ̀ ni tàbí àìsàn

Ológbò tó ń ṣọ̀fọ̀ máa ń sá pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Á máa ké lóru, á máa lọ jókòó síbi tí olóògbé máa ń jókòó sí, oúnjẹ rẹ̀ á dín kù, irun rẹ̀ á sì rí wúruwùru nítorí kò fahọ́n tún ara rẹ̀ ṣe mọ́. Èyí lè gbà tó ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kò sì sí ẹgbòogi rẹ̀ ju sùúrù lọ.

Ṣùgbọ́n àìsàn mọ bí wọ́n ṣe ń fara pamọ́ sábẹ́ ọ̀fọ̀. Bó bá ń lanu mí bí ajá, bí itọ́ bá ń dà lẹ́nu rẹ̀, bí ẹran ìdí eyín rẹ̀ bá ti ní àwọ̀ ìyeyè bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, ìyẹn kì í ṣe ọ̀fọ̀. Bó bá jẹ́ akọ, tó ń lọ sídìí iyanrìn léraléra, tó ń tiraka, tí ìtọ̀ kò jáde, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Ọjọ́ kan péré tó láti pa á.

Ọ̀rọ̀ ebi wá ni kókó. Ológbò kò lè fara da ebi bí ajá. Bí kò bá jẹ nǹkan kan fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ọ̀rá ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ inú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sì daṣẹ́ sílẹ̀. Èyí tó sanra ló tètè máa ń mú. Nítorí náà, bí wákàtí 24 bá kọjá tí kò fi nǹkan kan kan ẹnu, ẹ pe dókítà ẹranko. Bó bá di wákàtí 48, ẹ gbé e lọ. Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé ìwòsàn ẹranko, ti ìjọba sì wà ní Mọ́kọ́lá.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á fún un ní párásítámọ́ nítorí ara rẹ̀ gbóná. Ẹyọ kan lè pa ológbò. Wọ́n á fi ṣíbí da epo pupa sí i lọ́fun, epo á sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Wọ́n á fi Dettol tàbí Izal nu ilẹ̀ yàrá kó lè mọ́, ológbò á tẹ̀ ẹ́, á sì fahọ́n lá a kúrò lẹ́sẹ̀. Omi àti ọṣẹ tó.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ó tọ̀, ó sì yàgbẹ́ láàárín ọjọ́ méjì. Ẹran ìdí eyín rẹ̀ dà bí àwọ̀ ètè ọmọ tuntun. Kò sí ìkankan nínú àwọn àmì òkè yìí.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mú un padà sídìí oúnjẹ

Bó bá ṣeé ṣe, ilé àtijọ́ náà ni kí ẹ ti ṣe é. Ìṣòro ni pé ilé òkú kì í dákẹ́. Bó bá jẹ́ ti Mùsùlùmí, ẹ ó sin ín lọ́jọ́ náà, fídáù ọjọ́ kẹjọ á tún dé. Bó bá jẹ́ ti Kristẹni, kánópì, ẹ̀rọ amúnáwá àti gbohùngbohùn ń bọ̀ lọ́nà. Kí èrò tó dé ni kí ẹ ti ti ológbò mọ́ yàrá rẹ̀, kí ẹ sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ara yín. Ẹnì kan á sáà fẹ́ wọlé lọ kó àga.

Ẹja Titus ni mo máa ń lò. Ẹ fi omi lásán bọ̀ ọ́, kò gbọdọ̀ sí iyọ̀, ata, tàbí Maggi. Àlùbọ́sà ni kí ẹ sá fún jù, nítorí ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Ẹ yọ eegun rẹ̀, ẹ bu bí ṣíbí ìmùkọ méjì péré, kí ẹ sì gbé e fún un nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí imú ni ológbò fi ń jẹun kó tó fi ẹnu jẹ. Ẹ tẹ́ aṣọ olóògbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, kì í ṣe sábẹ́ rẹ̀, kí ọbẹ̀ ẹja má bàa bo òórùn aṣọ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kúrò. Bí ẹ bá dúró tì í, tí ẹ ń pè é ní "pùsì, jẹun, jọ̀ọ́", kò ní jẹ. Bó bá di ìṣẹ́jú 30 tí kò jẹ ẹ́, ẹ gbé e kúrò, kí ẹ gbé tuntun wá lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin. Omi nìkan ni kó wà níbẹ̀ títí. Ẹ má fún un ní wàrà. Ìgbẹ́ gbuuru ló máa ń fà fún ọ̀pọ̀ èyí tó ti dàgbà.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ wọlé, ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ máa ka ìwé tàbí kí ẹ máa wo fóònù. Ẹ má gbé e, ẹ má fa á jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bó bá wò yín, ẹ rọra di ojú, ẹ tún rọra là á. Lọ́jọ́ kan, òun náà á di tirẹ̀ padà. Mo mọ̀ pé ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ẹ sáà ṣe é.

Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kọ sínú ìwé: aago mélòó, kí ló jẹ, ó tọ̀ àbí kò tọ̀. Ìwé yìí ni ẹ ó fà lé ẹni tuntun lọ́wọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ọjọ́ mẹ́ta léra wọn tó jẹ tó ìdajì oúnjẹ rẹ̀ àtijọ́, ó kéré tán. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ti Àjíkẹ́ tó bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí a ti gbé e lọ bá dókítà lẹ́ẹ̀kan.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá ènìyàn, ẹ má wá ilé

Ẹ má kọ ọ́ sórí WhatsApp pé "ológbò wà nílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni". Ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yẹn máa ń pe àwọn tó fẹ́ ẹ fún ìkòkò ọbẹ̀, ó sì máa ń pe àwọn tó fẹ́ ẹ fún oògùn, pàápàá bó bá jẹ́ dúdú. Ẹ kọ nǹkan bí èyí:

"Abo ológbò ọdún mẹ́rin. Ìyá tó ni ín ti lọ sílé ìkẹyìn. Ó fẹ́ràn ibi tó parọ́rọ́, kò mọ ajá. A fẹ́ ẹni tó máa ń wà nílé, tí a lè wá kí nílé rẹ̀. A kò ní gbé e fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá wò ó."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn nìkan á ti lé ìdajì àwọn olè sẹ́yìn.

Ẹ ó gbọ́ ìpè. Púpọ̀ nínú wọn á ní eku ló ń dà wọ́n láàmú, wọ́n á sì rán yín létí pé bí ológìnní bá re àjò, ilé á di ilé èkúté. Òótọ́ ni. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan: "Ṣé ẹ máa ń lo májèlé eku?" Ó máa yà yín lẹ́nu bí àwọn tó fẹ́ ológbò nítorí eku ṣe máa ń da májèlé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Eku jẹ májèlé, ológbò jẹ eku. Bí wọn kò bá ní gbá májèlé kúrò pátápátá, ẹ má gbé e fún wọn. Àwọn oníṣòwò ọkà ní Bódìjà náà máa ń fẹ́ ológbò sí ṣọ́ọ̀bù, ẹran tó ti bá ọjà dàgbà sì lè ṣe dáadáa níbẹ̀. Èyí tó jẹ́ pé inú ilé arúgbó kan ló ti dàgbà, ariwo ọjà á pa á.

Ẹ tún bèèrè: ta ló wà nílé lọ́sàn-án? Ṣé onílé gbà? Bí wọ́n bá lọ sí abúlé fún ọdún, ta ni yóò máa fún un lóúnjẹ? Bó bá sì jẹ́ ilé ayálégbé púpọ̀ tí yàrá dojú kọ yàrá, ẹ má fi ọ̀rọ̀ àwọn alájọgbé ṣeré. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá gbà pé ẹran àjẹ́ ni ológbò lè da omi gbígbóná sí i lára lọ́jọ́ tó bá gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá. Ó sàn kí ẹ gbọ́ èrò wọn kí ẹranko tó dé.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Apẹ̀tẹ́ ló gba Àjíkẹ́. Màmá náà kò bi mí bóyá ó ń pa eku. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ọmọ mi, aago mélòó ni ìyá tó kú máa ń fún un lóúnjẹ?" Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ti fi ẹsẹ̀ ara yín dé ilé wọn. Wọ́n ti wá lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán. Ológbò sì ti jẹun nígbà tí wọ́n wà nínú yàrá.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ jẹ́ kí òórùn ṣáájú

Ẹ gba aṣọ tí ẹni tuntun ti wọ̀ sùn, ẹ tẹ́ ẹ sí yàrá ológbò, kó jìnnà díẹ̀ sí abọ́ oúnjẹ. Lójoojúmọ́, ẹ máa sún un mọ́ abọ́. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tó mọ́, ẹ rọra fi pa á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ibi tó fi ń pa ara mọ́ nǹkan, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ilé tuntun kí wọ́n fi pa ẹsẹ̀ àga àti igun ògiri ibi tó máa gbé.

Ọjọ́ márùn-ún ni èyí ń gbà lọ́wọ́ mi. Bó bá ń fín bí ejò sí aṣọ náà, ẹ sún un jìnnà, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó bá gbórí lé e tàbí tó jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, ó ti tó.

Ìgbésẹ̀ 5: Dókítà

Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi ni dandan bí kò bá tíì gbà á lọ́dún yẹn. Láti oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti lè gùn ún. Ẹ gba káàdì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún un ní oògùn aràn. Ti iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́, ẹ má kó o pọ̀ mọ́ èyí: ìgbà tó bá ti fìdí kalẹ̀ nílé tuntun, tó ń jẹun dáadáa, ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ fẹnu kò lórí ẹni tó máa sanwó rẹ̀ báyìí, torí abo ológbò kì í lò ju bí oṣù méjì lọ nínú oyún.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọjọ́ ìrìnnà

Ẹ yan àárọ̀ kùtù, kì í ṣe ọjọ́ Sátidé tí òde-ayẹyẹ ti di gbogbo ojú ọ̀nà. Ẹ má fún un lóúnjẹ ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú, kó má bàa bì. Ẹ tẹ́ aṣọ olóògbé sínú apẹ̀rẹ̀, ẹ gbé ológbò sí i nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti wà ní títì, ẹ dì í, kí ẹ sì fi ìró fẹ́lẹ́ bo ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kó má máa rí ìta.

Micra tí ẹ dá gbà ni kó jẹ́. Ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà kí ẹ tó wọlé pé ológbò ló wà níbẹ̀; mo ti rí èyí tó já wa sílẹ̀ lójú ọ̀nà Sángo nígbà tó gbọ́ tó ké. Kò sí ọ̀kadà, kò sí bùútù, kò sí àpò. Bó ti wù kó ké tó, ẹ má tú okùn náà "díẹ̀" kí ẹ lè fọwọ́ kàn án. Kò sí ohun tó ń jẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ ológbò.

Ìgbésẹ̀ 7: Ilé tuntun

Yàrá kan ṣoṣo, bíi ti ìṣáájú. Ọpọ́n iyanrìn ní igun kan, oúnjẹ ní igun kejì, páálí tí ẹ gbẹ́ ẹnu sí kó lè rí ibi sá sí, aṣọ olóògbé nínú páálí náà. Ẹ ṣí apẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ kó jáde fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé àti aládùúgbò tó fẹ́ wá wò ó, kí wọ́n ní sùúrù ọ̀sẹ̀ kan.

Oúnjẹ rẹ̀ máa dín kù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Òfin wákàtí 24 àti 48 tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwé náà sì ń bá a lọ. Nígbà tó bá ń jẹun déédéé, tó sì ń jáde wá pàdé ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá, ẹ ṣí yàrá kejì fún un. Ìta ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko kò gbọdọ̀ jáde. Ibí ni gbogbo iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, ibí ni tèmi ti bàjẹ́ ní Akóbò: ológbò bá ń ké lẹ́nu ọ̀nà, àánú bá ṣe onílé. Ẹ jẹ́ kó ké. Ọjọ́ tó bá máa kọ́kọ́ jáde, kó jẹ́ lójúmọmọ, kí ebi díẹ̀ máa pa á, kí ẹni tó ni ín dúró sítòsí pẹ̀lú abọ́ ẹja. Oṣù Kejìlá kọ́ ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí àwọn ọmọ ń yin báńgà kiri.

Bó bá sá jáde ṣáájú, ẹ má lé e. Àwọn ilé bíi mẹ́rin tó yí yín ká ni kí ẹ kọ́kọ́ wá: abẹ́ mọ́tò, inú gọ́tà gbígbẹ, ẹ̀yìn táńkì omi. Ẹ padà jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn aago mọ́kànlá òru, nígbà tí àdúgbò bá ti dákẹ́; ojú rẹ̀ tó ń tàn ló máa ta yín lólobó. Ẹ gbé aṣọ olóògbé sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sì pe ilé àtijọ́ kí wọ́n máa wo iwájú ìta.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán; ó ń fahọ́n tún irun ara rẹ̀ ṣe; ó ń na gbalaja sùn ní gbangba, kò ká kò mọ́. Èyí tó kẹ́yìn ni ti aṣọ. Lálẹ́ ọjọ́ kejìlélógún ní Apẹ̀tẹ́, màmá tíṣà fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé Àjíkẹ́ fi àpò ìrọ̀rí ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó wá sùn sórí bàtà àwọn. Wọ́n bi mí bóyá kí àwọn fọ àpò ìrọ̀rí náà. Mo ní kí wọ́n má tíì fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi sílẹ̀ síbẹ̀ fún oṣù kan sí i, bóyá ó ṣì máa fẹ́ lọ yọjú sí i lóòrèkóòrè.